Ìdì Igi Tí Ìyàndá Fi Ń Wọn Òjò

Ọ̀rọ̀ igi ni Ìyàndá bá ìyàwó rẹ̀ sọ gbẹ̀yìn láyé. Ẹ̀yìn ilé ló wà, ó ń wọ bàtà lọ́wọ́, ó sì gba ojú fèrèsé pariwo wọlé.

"Tinú! Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ìdì tó wà lábẹ́ páànù yẹn o. Òun ni Tonbra máa fi wọn tọdún yìí."

Tinú ń họ ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti gbọ́, bàbá aláriwo. Àbí igi máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ni?"

Ìyàndá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ dé Malu Road lọ́dọ̀ àwọn káfíńtà, bóyá òun á rí pákó tí òun á fi di etí páànù náà kí òjò tó dé. Ibi tí ohùn rẹ̀ parí sí létí Tinú nìyẹn.

Ọwọ́ ọ̀sán ni Benson káfíńtà dé. Fìlà Ìyàndá ló mú lọ́wọ́, kò sì mọ bí yóò ṣe nà án sí ẹnikẹ́ni. "Ìyá, Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Wọ́n ní kí n fún àwọn lómi. Mo bu omi dé, wọn ò gbà á." Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Ẹni tí kò bá mọ ilé náà lè béèrè pé kí ni èèyàn ń fi igi ọdún kan ṣe ní Èkó, ìlú tí ooru ti ń lé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ wá sùn sí Marine Beach nínú oṣù keje. Ilé Ìyàndá wà níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, ẹ̀yìn rẹ̀ kò jìnnà sétí omi. Bí òjò bá ti ń rọ̀, omi kì í dúró de òrùlé kó tó wọlé, ìsàlẹ̀ ló ń gbà, á máa gun búlọ́ọ̀kù bọ̀ bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Ògiri á máa làágùn. Aṣọ tó gbẹ lánàá á tún tutù lónìí. Ẹni tó lágbára á gbọn ara rẹ̀ nù, á bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Ìyàndá kò lágbára.

Lubabah ni orúkọ ìyá náà, àdúgbò ń pè é ní Ìyá Ṣakí. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyàndá ló lọ gbé e wá láti Ṣakí nígbà tí ilé ibẹ̀ ṣófo, tí kò ku ẹnìkan mọ́ bí kò ṣe àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Òjò àkọ́kọ́ tó bá a ní Èkó wọ̀ ọ́ láyà. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó fọwọ́ kan ògiri yàrá, ó fọwọ́ nu ara ìró rẹ̀, ó ní, "Oògùn wà o, àmọ́ bí yàrá bá ṣì rí báyìí, oògùn á kàn máa bá omi jà ni."

Ìyàndá kò kàwé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ru ẹrù ní Àpápá, ó máa ń gbá àpò ìrẹsì mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra, apá rẹ̀ sì gùn débi pé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ń pè é ní Long Hand. Ó bu amọ̀, ó mọ ààrò ńlá kan ti ẹ̀yìn ògiri yàrá ìyá rẹ̀ níta, ó fi páànù bò ó. Iná á máa jó níta, èéfín á máa lọ sórí omi, ògiri á sì máa gbóná wọnú ilé. Ìyá á fẹ̀yìn tì í, á pa ojú dé, á ní, "Háà. Ṣakí nìyí."

Ọdún àkọ́kọ́, ojú ni Ìyàndá fi wo igi tó máa tó. Ojú tàn án. Ìdajì oṣù kẹsàn-án, igi tán, ìyá rẹ̀ sì lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù. Láti ìgbà náà ló ti ní òun kò ní fi ojú wọn igi mọ́. Ó la apá méjèèjì, ó kó igi síbẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má pàdé mọ́, ó ní kí Tinú fi ìtàkùn so ó yíká. Ìdì kan nìyẹn. Gbogbo ìdì tó bá jó, á fi èédú fa ìlà kan sára ògiri. Ọdún yípo, ó dúró síwájú àwọn ìlà náà, ó ń kà á sókè, Tinú ń gbà á sórí bí orin.

Oṣù karùn-ún, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ìdì kan fún ọjọ́ méjì: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oṣù kẹfà àti ìkeje, ìdì kan lójúmọ́: mọ́kànlélọ́gọ́ta. Oṣù kẹjọ, tí òjò ń sinmi: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oṣù kẹsàn-án, tó ń fi ìbínú padà bọ̀: ọgbọ̀n. Ìkẹwàá: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà ọyẹ́, òwúrọ̀ nìkan, ìdì kan fún ọjọ́ mẹ́rin: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn. Kí wọ́n fi mẹ́sàn-án lé e fún èyí tí ikán máa jẹ, èyí tí òjò máa rí já, àti èyí tí aládùúgbò máa wá tọrọ. Ọgọ́jọ.

Tonbra ló ń kó igi náà wá. Ọmọ Ijaw ni, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ máa ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú oṣù kẹta, igi ẹ̀gbà gbígbẹ ló ń kó, igi etí omi tó le bí irin, tí ẹ̀yinná rẹ̀ kì í tètè kú. Bí òjò bá ti dé, kò sí igi gbígbẹ mọ́, Tonbra kì í sì í padà wá. Nítorí náà, kí Tonbra tó dé, Ìyàndá á fi apá rẹ̀ di ìdì kan kalẹ̀ fún àwòṣe. Tonbra á fi ìtàkùn yí i ká, á gé ìtàkùn náà, òun ni á fi wọn gbogbo ìyókù. Àti igi àti ìtàkùn ló ń bá ara wọn wọ iná. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìtàkùn èṣí nílẹ̀ lọ́dún tí Ìyàndá kú. Ìdì kan náà tó wà lábẹ́ páànù nìkan ló wà.

Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe fídáù. Àwọn obìnrin ń se ìrẹsì lẹ́yìn ilé, ilé kún fún ẹsẹ̀ èèyàn, Tinú jókòó sórí ẹní nínú yàrá, ó wà nínú opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí kò ní jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dáná yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyá, igi tán lábẹ́ ìkòkò o!"

"Ẹ wo abẹ́ páànù. Ẹ mú èyí tó bá wà níbẹ̀."

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n gé ìtàkùn, wọ́n tú igi ká, wọ́n fi ìtàkùn náà sí i pẹ̀lú. Alùfáà jẹ nínú ìrẹsì náà, ó ṣàdúrà fún òkú, Tinú ṣe àmín.

Oṣù kẹta kò pẹ́ dé. Akpevwe, obìnrin Urhobo tí òun àti Tinú jọ ń ta ẹja, ló lọ pàdé ọkọ̀ ojú omi náà, nítorí ẹni tó wà nínú opó kì í lọ sétí omi. Kúkúrú ni Akpevwe, ó sanra, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Tinú ń gbọ́ gbogbo wọn láti ojú fèrèsé.

Tonbra ní, "Mama Akpevwe, ìdì Bàbá dà? Wey the sample?"

Akpevwe yíjú sílé. "Àǹtí Tinú! Tonbra ń béèrè ìdì!"

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ tó padà sọ́kàn Tinú. Ó rí ìkòkò ìrẹsì. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé ẹ mú èyí tó bá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ògiri, ìyá ọkọ rẹ̀ ń tẹ tẹ̀sùbáà, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Bí Tinú bá sọ òótọ́, ìyá á gbọ́ pé ohun kan ṣoṣo tí ọmọ òun fi sílẹ̀, òun ni wọ́n fi se ìrẹsì òkú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá ò tíì dì í kó tó lọ. Ẹ fi apá wọn ọ́n."

"Apá ta ni?" Tonbra béèrè. "Me I no carry Baba hand go my house o. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi wọ̀n ọ́n."

"Olè!" ni Akpevwe fi dá a lóhùn. "Ọlọ́jà á tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ọjà? You go bend elbow, mo mọ̀ yín. Èmi ni mo dúró fún ẹni tó ń rajà, apá tèmi la máa lò."

"Mama, see your hand. Ṣé apá nìyẹn àbí etí ìkòkò?"

Gbogbo etí omi rẹ́rìn-ín. Akpevwe náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Ó la apá, wọ́n kó igi sí i, Tonbra so ó, ó wo Akpevwe, ó mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni apá Tonbra sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ti Ìyàndá.

Nígbà tí wọ́n tò ó tán lábẹ́ páànù, Tinú kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọgọ́jọ ni. Ó rí i pé àwọn ìdì náà kéré lójú òun, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé láti ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti kú, kí ni kò kéré? Iye pé. Iye ló gbà gbọ́.

Oṣù karùn-ún kọjá, kò fura, nítorí òjò kò tíì le. Oṣù kẹfà ló fi hàn án. Ìdì tó yẹ kó jó láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun màgàríbì, ó ti di eérú. Ó gbé ìdì méjì, ó so wọ́n pọ̀, ó wò ó. Ó tó ti Ìyàndá, ó fi díẹ̀ lé e. Bí apá ẹnìkan bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjì kúrú, èèyàn á rò pé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì náà ni igi fi dín. Irọ́ ni. Inú ìdì ló ti ń ṣófo, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọgọ́jọ Akpevwe kò pé ọgọ́rùn-ún Ìyàndá. Bí iná bá ń jó bó ṣe yẹ, igi á tán kí oṣù kẹjọ tó parí, oṣù kẹsàn-án á sì dé bá ààrò tútù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣún iná jẹ. Ó ń fi igi méjì síná níbi tí mẹ́ta ti yẹ. Ògiri kò gbóná mọ́, ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ìyá Ṣakí fẹ̀yìn tì í, kò sọ pé Ṣakí nìyí. Ní ọjọ́ kẹta, ó pe Tinú.

"Ìyàwó, ta ló di igi ọdún yìí?"

"Tonbra ni, Ìyá."

"Mi ò bi ọ́ pé ta ló kó o wá. Apá ta ni wọ́n fi dì í?"

Tinú kúnlẹ̀. Ó sọ ọ́ láti orí ohùn ojú fèrèsé títí dé ìkòkò ìrẹsì, títí dé irọ́ tó pa fún Tonbra. Ìyá gbọ́ ọ tán.

"Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ mi ní kí o bá òun ṣọ́."

Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó yíjú sí ògiri, ọjọ́ méjì gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀, ó ń jẹun tí Tinú bá gbé wá, ó ń dá abọ́ padà.

Ọjọ́ kẹta, ó ní, "Mú mi dìde. Jẹ́ ká wá apá ọmọ mi lọ, nítorí igi ọdún tó ń bọ̀."

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n jáde sí. Dírọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń gbe omi òjò. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sún un, Ìyàndá ló máa ń gbá a mọ́ra, á gbé e tomi-tomi. Ìyá Ṣakí fi ọ̀pá rẹ̀ kan dírọ́ọ̀mù náà.

"Ìka rẹ̀ máa ń pàdé lára eléyìí. Bí a bá fi ìtàkùn yí i ká, a ti rí ìwọ̀n."

Akpevwe ti dé, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni dáadáa láti ìgbà tó ti gbọ́. "Mama, ẹ má bínú. E no reach. Mo máa ń rí Bàbá tí wọ́n bá ń gbé e, àlàfo máa ń wà láàrin ọwọ́ wọn, tó báyìí." Ó la àtẹ́lẹwọ́.

"Ìwọ lo bí i ni?"

"Rárá, Mama. Ṣùgbọ́n mo ń rí i."

Àwọn méjèèjì kọjú sí Tinú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ ìyàwó ọkùnrin yìí. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, kékeré ló kú, kò tún sí ẹni tó wà láàrin wọn láti ìgbà náà. Ó mọ ikọ́ rẹ̀ láàrin ikọ́ ogún èèyàn. Ó mọ bó ṣe ń mí kó tó jí. Gbogbo ìgbà tí Ìyàndá bá ń gbé dírọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń kọ sójú fèrèsé, Tinú á sì dorí kọ ẹja tó ń họ. Ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kò wò ó rí.

"Mi ò mọ̀, Ìyá," ló wí.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọlé.

Oṣù kẹfà ń parí lọ nígbà tí opó rẹ̀ pé. Ọ̀nà Malu Road ni Tinú kọ́kọ́ gbà. Ó rí bẹ́ǹṣì Benson, kò jókòó sórí rẹ̀. Benson kó pákó àpótí ẹrù fún un, ó kún kẹ̀kẹ́ kan. Pákó náà jó bí ìwé. Èéfín ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ sì gba ojú ihò ògiri wọlé, ikọ́ Ìyá Ṣakí di méjì: ti òtútù àti ti èéfín. Tinú kó ìyókù dànù. Ìdì méjì tó yẹ kó jó lójúmọ́, ó fi dáná ọjọ́ kan àbọ̀, nígbà tó yá, ó fi dáná ọjọ́ méjì. Ìgbà tí ògiri bá tutù jù, á wọ inú bẹ́ẹ̀dì ìyá ọkọ rẹ̀, á fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn opó méjì nínú aṣọ ìbora kan.

"Ara rẹ gbóná," ni Ìyá sọ lọ́jọ́ kan.

"Ẹ máa lò ó, Ìyá."

"Kò tó. Ṣùgbọ́n mo ń lò ó."

Oṣù kẹjọ tí òjò ń sinmi dá ẹ̀mí sí wọn díẹ̀. Oṣù kẹsàn-án padà bọ̀ bí Ìyàndá ṣe máa ń wí. Nígbà tí Mùtíù dé, èyí tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyàndá, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Àpápá lọ sí Òkè-Ògùn, ohun tó kù lábẹ́ páànù kò ju ìdì mẹ́ta lọ. Mùtíù fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri yàrá. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá àgbà.

"Ìyá Àgbà, ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sí Ṣakí. Iwájú ọkọ̀ lẹ máa wà, ẹ ò ní tutù."

"Ta ló máa tọ́jú mi níbẹ̀? Àbúrò mi afọ́jú?"

"Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, Ìyá Àgbà."

Ìyá Ṣakí rẹ́rìn-ín kékeré kan. "Òótọ́ ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Ẹni tó fẹ́ sin èèyàn kò ní jìyà."

Tinú di ẹrù Ìyá. Tẹ̀sùbáà, ẹní ìkírun, aṣọ méjì tó nípọn, fìlà Ìyàndá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n ti gbé e sókè síwájú ọkọ̀, tí Mùtíù ti tan ẹ̀ńjìnì, Ìyá na ọwọ́ jáde, ó di ọrùn ọwọ́ Tinú mú.

"Ìyàwó. Apá ọmọ mi ti wọ ilẹ̀ lọ, má wá a mọ́. Igi tó kù yẹn, má jó o. Fi apá tìrẹ di ìdì kan. Bí Tonbra bá pè, sọ fún un pé tìrẹ ni ìwọ̀n ilé báyìí. Èyí tó bá kó wá, jó o lójú òjò, kà á, fa ìlà rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá mọ iye apá tìrẹ tí òjò ń jẹ lọ́dún, ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá ṣì wà, màá padà wá."

"Mo ti gbọ́, Ìyá," ni Tinú wí, ó sì rántí pé ọ̀rọ̀ tí òun fi dá Ìyàndá lóhùn lójú fèrèsé náà nìyẹn.

Ọkọ̀ lọ. Ó dúró títí tí kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

Oṣù kẹwàá ti ń tán lọ báyìí, òjò ń palẹ̀ mọ́. Ní Ṣakí, Mùtíù ní ìyá ṣì ń jẹun, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé ṣé wọ́n ti ránṣẹ́. Tonbra ti pè lẹ́ẹ̀mejì láti mọ iye tí òun máa gé. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Tinú ní kó pe òun padà. Ó ti tú ìdì mẹ́ta tó kù ká, ó ti to igi náà sílẹ̀ lábẹ́ páànù, Akpevwe sì ti mú ìtàkùn tuntun wá, ó gbé e kọ́ sára òpó. Lójoojúmọ́ ni Tinú ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ó ń la apá méjèèjì. Ó ń wo àyè tó wà láàrin wọn, ó sì ń sọ wọ́n kalẹ̀.

Ìtàkùn náà ti ń gbẹ lára òpó. Ìdì náà kò tíì di dídì.